Ìjọ Tí Ó Wà ní Róòmù: Ilé Púpọ̀, Olúwa Kan

Ibi Kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2:5-11, 18:1-3, 28:13-16, Róòmù 14:1 – 15:7, 16:1-16

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Róòmù 15:7

Kókó Ẹ̀kọ́: Àwọn onígbàgbọ́ Róòmù kò bá ara wọn dọ́gba ní ìran, ní ipò, tàbí ní àṣà. Síbẹ̀ Olúwa kan náà ni ó gbà wọ́n, Ó sì pa á láṣẹ fún wọn láti gba ara wọn.

Èrò Ẹ̀kọ́: Nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè
(a) sọ bí ìhìnrere ṣe wọ ìlú Róòmù;
(b) ṣàlàyé ohun tí ó fa ìyapa láàárín àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀;
(d) mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí a lè gbà fún ara wa àti ohun tí a kò gbọdọ̀ gbà.

ỌRỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Bí a bá béèrè pé ta ni ó dá ìjọ Róòmù sílẹ̀, àwọn kan nínú wa yóò dáhùn pé Paulu ni, àwọn mìíràn yóò ní Peteru ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa wò. Nígbà tí Paulu ń kọ ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù láti Kọ́ríńtì, ní nǹkan bí ọdún 57 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú náà rí (Róòmù 1:13). Ó tilẹ̀ sọ fún wọn pé kì í ṣe àṣà òun láti kọ́lé sórí ìpìlẹ̀ tí ẹlòmíràn ti fi lélẹ̀ (15:20). Ní ti Peteru, ìtàn àtijọ́ jẹ́rìí pé Róòmù ni ó kú sí, ṣùgbọ́n Paulu kò dárúkọ rẹ̀ rárá nínú gbogbo ìkíni tí ó wà ní orí kẹrìndínlógún.

Ta ni, nígbà náà, ni ó gbé ìhìnrere wọ ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ayé ìgbà náà? A kò bi ìbéèrè yìí kí a lè mọ ìtàn lásán. Bí ìjọ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ó fi ìdí ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ hàn, ìjà náà sì wà lára ohun tí ó mú kí Paulu kọ ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀wò lónìí.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

I. Àwọn Tí Ó Gbé Ìhìnrere Wọ Ìlú (Ìṣe 2:5-11, 18:1-3)

Àwọn Júù ti wà ní Róòmù kí a tó bí Jésù. Ní ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi, Pompey, ọ̀gágun Róòmù, gba Jerúsálẹ́mù, ó sì kó ọ̀pọ̀ ìgbèkùn lọ sí Róòmù láti di ẹrú. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a dá ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ àwọn Júù tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òdì kejì odò Tiber ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Wọn kò ní sínágọ́gù kan ṣoṣo. Àkọlé tí a rí ní ibojì wọn dárúkọ sínágọ́gù tí ó tó mẹ́wàá, a kò sì rí àmì pé ìgbìmọ̀ àgbà kan ṣoṣo ni ó ń ṣe àkóso gbogbo wọn.

Kíyè sí èyí dáradára. Nígbà tí ọ̀rọ̀ nípa Jésù dé ìlú náà, àárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń sìn ní ilé púpọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé.

Luku sọ fún wa pé àwọn àlejò láti Róòmù wà ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì (Ìṣe 2:10). Bíbélì kò dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ìròyìn náà padà sílé, ṣùgbọ́n ó fi irú ènìyàn tí ó ń gbé e kiri hàn wá. Wo Akuila àti Priskilla aya rẹ̀. Ẹ̀yà Pontu, lẹ́bàá Òkun Dúdú, ni a ti bí Akuila. Róòmù ni òun àti aya rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Paulu bá wọn pàdé ní Kọ́ríńtì. Wọ́n bá a lọ sí Éfésù. Nígbà tí a sì kọ ìwé sí àwọn ará Róòmù, wọ́n ti padà sí Róòmù. Àgọ́ pípa ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè gbé irinṣẹ́ rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ibi tí iṣẹ́ gbé wọn dé ni ìhìnrere bá wọn dé.

Bíbélì kò fi àpọ́sítélì kan hàn wá tí ó kọ́kọ́ dá ìjọ ńlá yìí sílẹ̀. Ohun tí a rí ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn àtìpó, àwọn ẹrú, àti àwọn ìyá ilé.

II. Àṣẹ Klaudiu àti Ohun Tí Ó Fà (Ìṣe 18:2)

Ní nǹkan bí ọdún 49, Kesari Klaudiu pàṣẹ pé kí àwọn Júù kúrò ní Róòmù. Suetonius, òǹkọ̀wé Róòmù kan tí kì í ṣe onígbàgbọ́, kọ ọ́ pé rògbòdìyàn tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn nítorí ẹnì kan tí ó pè ní Chrestus ni ó fa àṣẹ náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé orúkọ Kristi ni ọkùnrin yìí gbọ́ tí kò gbọ́ dáradára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìwàásù nípa Jésù ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú àwọn sínágọ́gù ìlú náà ju ogún ọdún díẹ̀ lọ kò tíì kọjá lẹ́yìn àjíǹde Rẹ̀. Akuila àti Priskilla wà lára àwọn tí ó di ẹrù wọn.

Ní báyìí, ronú nípa àwọn tí ó kù sílé. Àwọn kèfèrí tí ó ti gba Jésù gbọ́ kò sí nínú àṣẹ náà. Wọ́n ń pàdé lọ. Àwọn tí ó ń kọ́ wọn ní òfin Mósè ti lọ, nítorí náà wọ́n ń ṣe bí wọ́n ti mọ̀. Ní ọdún 54, Klaudiu kú, Nero sì gorí oyè. Àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣàlàyé Bíbélì gbà pé nígbà tí àwọn Júù onígbàgbọ́ dé, wọ́n rí i pé nǹkan ti yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ àná ti di aṣáájú. Oúnjẹ tí wọ́n ń kà sí èèwọ̀ ti wà lórí tábìlì. Ọjọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ti di ọjọ́ lásán. Ẹni tí ó dé rò pé wọ́n ti ba ìsìn jẹ́. Ẹni tí ó wà nílé rò pé ẹni tí ó dé fẹ́ da òun padà sẹ́yìn. Bóyá èyí ni ó jẹ́ kí Paulu kìlọ̀ fún àwọn kèfèrí pé ẹ̀ka tí a lọ́ sí ara igi kò gbọdọ̀ ṣe féfé sí àwọn ẹ̀ka àkọ́kọ́ (Róòmù 11:17-18).

Àwọn àgbà inú kíláàsì wa yóò rántí ohun tí ó fara jọ èyí. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó gbé ìsìn Baptist dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ní November 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn wálé, ọ̀pọ̀ ìjọ ibẹ̀ sì pàdánù àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn aṣáájú. Ẹni tí ó bá rí ìgbà náà kò nílò ẹlòmíràn láti sọ fún un bí ìjọ ṣe ń rí nígbà tí àṣẹ ìjọba bá pín in sí méjì.

III. Ìkíni Tí Ó Ju Ìkíni Lọ (Róòmù 16:1-16)

Ọ̀pọ̀ wa máa ń fo orí yìí nítorí orúkọ ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Paulu kò kọ̀wé sí “ìjọ” Róòmù. Gbogbo àwọn olùfẹ́ Ọlọ́run tí ó wà ní ìlú náà ni ó kọ̀wé sí (1:7). Ọ̀rọ̀ náà, ìjọ, kò jáde nínú ìwé yìí títí a fi dé orí kẹrìndínlógún. Níbẹ̀, ìjọ kan ṣoṣo ní Róòmù ni ó pè ní orúkọ yìí, èyí tí ó wà ní ilé Priskilla àti Akuila (16:5). Yàtọ̀ sí èyí, ó mẹ́nu kan àwọn ará ilé Aristobulu (ẹsẹ 10), àwọn ará ilé Narkissu (ẹsẹ 11), àwọn tí ó wà pẹ̀lú Asinkritu àti Herma (ẹsẹ 14), àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú Filologu àti Julia (ẹsẹ 15). Ó kéré tán, agbo márùn-ún ni a rí níbẹ̀.

Èkejì, ka iye àwọn tí ó ní kí a kí. Ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ obìnrin, tí a bá ka ìyá Rufu àti arábìnrin Nereu mọ́ wọn. Ó pe Androniku, Junia, àti Herodioni ní ìbátan òun. Júù ni wọ́n. Àwọn orúkọ bí Ampliatu, Herme, àti Persi jẹ́ irú èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹrú àti àwọn tí a dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Kíyè sí i pẹ̀lú pé Paulu kò kí Aristobulu àti Narkissu fúnra wọn. Àwọn ará ilé wọn ni ó kí. Ó dàbí ẹni pé olówó ilé kò gbàgbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ inú ilé rẹ̀ gbàgbọ́.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe pàtàkì jù lọ, wo bí ó ti sọ ọ́. Kò wí pé, Mo kí Priskilla, mo kí Herma. Àwọn tí ó ń gbọ́ ìwé náà ni ó rán ní iṣẹ́: àwọn ni kí ó kí Priskilla, àwọn ni kí ó kí Herma. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìwé yìí ní ilé Akuila ní láti dìde kí ó lọ kí àwọn tí ó wà ní agbo Herma. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ìkíni jẹ́. Bí àárín ènìyàn méjì kò bá gún mọ́, ìkíni ni ó kọ́kọ́ ń dáwọ́ dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì tún kí ara wọn, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti ń parí lọ.

IV. Ẹran, Ẹ̀fọ́, àti Ọjọ́ (Róòmù 14:1 – 15:7)

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nìyí. Àwọn kan ń jẹ ohun gbogbo. Àwọn kan kò jẹ ju ẹ̀fọ́ lọ. Àwọn kan ń pa ọjọ́ kan mọ́ ju òmíràn lọ; lójú àwọn mìíràn, ọjọ́ gbogbo dọ́gba. Má ṣe fojú kékeré wo àwọn tí Paulu pè ní aláìlera. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni ó mú wọn ṣe é. Júù tí kò lè mọ̀ bí a ti ṣe pa ẹran ọjà, tàbí bóyá a ti fi rúbọ sí òrìṣà, lè yàn láti fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni Paulu rí níbẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ẹni tí ó ń jẹ ń gan ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí kò jẹ ń dá ẹnìkejì lẹ́jọ́ (14:3). Paulu kò fi èrò tirẹ̀ pa mọ́: ó gbà pé kò sí oúnjẹ tí ó jẹ́ àìmọ́ fúnra rẹ̀ (14:14). Ṣùgbọ́n èjìká àwọn tí ó lágbára ni ó gbé ẹrù náà lé (15:1). Kò pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ilé márààrún pọ̀ sí ibì kan. Kò ṣe òfin oúnjẹ fún wọn. Ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n gba ara wọn, ìdí tí ó sì fi fún wọn ni pé Kristi ti gba ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn (15:7).

V. Lẹ́yìn Ọjọ́ Paulu

Ìwé náà ha ṣe iṣẹ́ bí? Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, a mú Paulu wá sí Róòmù ní ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn ará jáde láti ìlú, wọ́n rìn dé Ọjà Appiu àti Ilé Èrò Mẹ́ta láti pàdé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ nígbà tí ó rí wọn (Ìṣe 28:15).

Ní July ọdún 64, iná ńlá jó Róòmù. Tacitus, akọ̀tàn Róòmù, kọ ọ́ pé nínú agbègbè mẹ́rìnlá tí ìlú náà pín sí, mẹ́rin péré ni iná kò kàn. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń kùn pé Nero ni ó ti iná bọ̀ ọ́, ó di ẹ̀bi náà ru àwọn Kristẹni. A fi awọ ẹranko bo àwọn kan kí ajá lè fà wọ́n ya. A kan àwọn kan mọ́ àgbélébùú. A dáná sun àwọn mìíràn láti fi tan ìmọ́lẹ̀ ní òru. Àwọn tí ó mú wọn kò béèrè ẹni tí ó ń jẹ ẹran àti ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ní nǹkan bí ọdún 165, a mú olùkọ́ kan tí ó ń jẹ́ Justin wá síwájú Rusticus, alábòójútó ìlú. Rusticus bi í pé níbo ni wọ́n ń péjọ sí. Justin dáhùn pé ibi tí ó bá wu olúkúlùkù tí ó sì ṣeé ṣe fún un ni. Àwọn kò lè péjọ sí ojú kan ṣoṣo. Ènìyàn mẹ́fà ni a dá lẹ́jọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Euelpistus, jẹ́ ẹrú Kesari láti Kappadokia. Òmíràn, Hierax, wá láti Ikonioni. Obìnrin kan, Charito, wà láàárín wọn. Gbogbo wọn ni a pa. Ilé púpọ̀ ṣì ni ìjọ Róòmù títí di ìgbà náà, èdè Gíríìkì ni ó sì ń sọ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Látìnì ni èdè ìlú.

Ṣé gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá mú wá ni wọ́n ń gbà? Rárá. Ní nǹkan bí ọdún 140, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan láti Pontu, ilẹ̀ tí a ti bí Akuila, wá sí Róòmù. Marcion ni orúkọ rẹ̀. Ó fún ìjọ ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá (200,000) owó tí wọ́n ń pè ní sestertius. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni pé Ọlọ́run tí ó dá ayé kì í ṣe Baba Jésù Kristi. Ó kọ gbogbo Májẹ̀mú Láéláé sílẹ̀. Nínú àwọn ìwé Májẹ̀mú Titun, ìhìnrere Luku àti ìwé Paulu mẹ́wàá nìkan ni ó gbà, ó sì gé nínú wọn. Ní nǹkan bí ọdún 144, ìjọ kọ̀ ọ́. Wọ́n sì dá gbogbo owó rẹ̀ padà fún un.

Wàyí o, fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí ọdún 155, arúgbó kan láti Smirna, Polycarp, wá bá Anicetus, olórí ìjọ ní Róòmù. Àwọn ará Éṣíà ń ṣe ìrántí Ìrékọjá Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù àwọn Júù, ọjọ́ yòówù kí ó bọ́ sí. Àwọn ará Róòmù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí, ẹnìkan kò lè yí ẹnìkejì lọ́kàn padà. Síbẹ̀, Anicetus bu ọlá fún àlejò rẹ̀, ó jẹ́ kí Polycarp darí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nínú ìjọ rẹ̀. Wọ́n sì pínyà ní àlàáfíà. Ní nǹkan bí ọdún 190, nígbà tí Victor, tí ó wà ní ipò Anicetus, fẹ́ gé àwọn ìjọ Éṣíà kúrò nítorí ọ̀rọ̀ kan náà, Irenaeus kọ̀wé láti bá a wí, ó sì rán an létí ohun tí àwọn méjì yìí ṣe.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ará ilé Akuila gba ọ̀nà kan dé ọ̀dọ̀ Olúwa, ẹrú ilé Narkissu gba òmíràn, Polycarp sì gba tirẹ̀. Ọjà kan náà ni wọ́n ń ná. Ọjà mìíràn ni Marcion ń lọ ní tirẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó bínú sí arákùnrin tàbí arábìnrin wa nínú ìjọ, kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan Ẹni tí ó gbà wá là, tàbí bí a ti ń jẹ, tí a ń múra, tí a ń kọrin, tí a sì ń pa ọjọ́ mọ́ ni ó kàn? Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, a kò gbọdọ̀ tà á, ì báà jẹ́ pé olówó ni ó ń sọ ọ́. Ìjọ Róòmù mọ bí a ti ń dá owó padà. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, a kò gbọdọ̀ fi í lé ẹnikẹ́ni jáde.

Èyí kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó pín sí méjì nítorí èdè tí a ó fi ṣe ìsìn, tàbí nítorí ìlù, tàbí nítorí pé àwọn onílé kò fẹ́ kí àlejò di díákónì. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì ni ó rò pé òtítọ́ ni àwọn ń gbèjà. Ìwọ tí ó ń ka ẹ̀kọ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí o wà lápá kan. Bí o bá ka ara rẹ sí alágbára, ìwọ ni Paulu kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Bí o bá ka ara rẹ sí olùṣọ́ àṣà àtijọ́, kò ní kí o jáwọ́ nínú ohun tí ọkàn rẹ gbà. Ó ní kí o má ṣe jókòó lórí ìtẹ́ adájọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Irú àwọn ènìyàn wo ni ó gbé ìhìnrere dé Róòmù? Kí ni èyí kọ́ wa nípa iṣẹ́ ọmọ ìjọ tí kì í ṣe pásítọ̀?
2. Báwo ni àṣẹ Klaudiu ṣe lè dá ìyapa sílẹ̀ láàárín Júù àti kèfèrí onígbàgbọ́?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ Marcion àti ọ̀rọ̀ Polycarp? Kí ni ìjọ fi mọ̀ ọ́n?
4. Nínú ìjọ tiwa, àwọn ohun wo ni a ń jà lé lórí tí ó jẹ́ ti ẹran àti ẹ̀fọ́ lásán?

IṢẸ́ FÚN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Ẹni kan wà nínú ìjọ tí ìwọ kì í kí, tàbí tí ìkíni yín ti di ti ètè nìkan. Kí ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé, lọ sí ilé rẹ̀ kí o kí i. Má ṣe mú ọ̀rọ̀ ìjà náà dání lọ. Béèrè àlàáfíà ilé, àlàáfíà ọmọ, àti àlàáfíà iṣẹ́. Bí ó bá fún ọ ní omi, mu ún.